Òṣómàáló

Bọ́lọ́rundúró ni wọ́n ń pe àdúgbò wa ní Iléṣà,
ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dúró.
Adéọ̀ṣun lóṣòó, èmi náà lóṣòó,
kọ̀ǹpútà méjì kọjú síra wọn lórí ẹní
bí àwọn àna tí kò tíì mọ ohun tí wọn yóò bára wọn sọ.

Ti àtijọ́ ni ti Àǹtí Mòrádékẹ́,
ó wúwo bí àpótí aṣọ, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Inú rẹ̀ ló tẹ ìwé gbèsè bàbá àgbà sí,
Ìlúfóyè, òṣómàáló, tó gbé aṣọ lérí kẹ̀kẹ́
dé ibi tí ọ̀nà ti di koríko,
tó tà láwìn, tó sì padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Bàbá ti kú. Ikán ti jẹ ojúlówó ìwé náà.
Inú irin yìí nìkan ló kù sí.

Ẹnu tí irin náà fi ń gbé díìsìkì mì ti dákú láti ìgbà òjò.
Tuntun ò tilẹ̀ ní ihò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.
Ni Adéọ̀ṣun bá yọ wáyà tẹlifóònù kan
tó gé lára ògiri ọ́fíìsì tí mi ò ní dárúkọ,
ó fi eyín bó o, ó yà á sí mẹ́ta.

"Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyí," ó ní,
"wọ́n á so ẹnu mọ́ ẹnu, wọ́n á so etí mọ́ etí.
Méjèèjì á máa pariwo, ìkankan ò ní gbọ́.
Ẹnu eléyìí sí etí ìyẹn, etí eléyìí sí ẹnu ìyẹn.
Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ tẹ ilẹ̀ kan náà
kí ọ̀rọ̀ tó lè yé wọn."
Mo ti gbéyàwó nígbà náà. Mi ò fèsì.

Ó fi òjé gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.
Kò sí nǹkan.
Ó ní ká dín eré kù, àgbàlagbà kì í sáré sọ̀rọ̀.
Ó dín in kù lẹ́ẹ̀kan, ó dín in kù lẹ́ẹ̀mejì,
àfi gìrì tí orúkọ àkọ́kọ́ yọ lójú kejì:
Ọ̀ṣúnlékè, ará Ẹ̀rìn, ọ̀pá mẹ́fà, ṣílè mẹ́rìnlá.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọjá,
lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà, bí èèrà lórí okùn aṣọ.
Ìyá Fádèyí, àǹkárá, ó san àbọ̀.
Ọkọ Ìyá Fádèyí, kò san.
Tíṣà Arówóṣẹ́gbẹ́, ó ní ó di òpin oṣù.
Oṣù wo? Kò sí níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi kú. Mo fẹ́ dìde, Adéọ̀ṣun dì mí lápá:
"Má mi ilẹ̀. Ibi tí mo lẹ̀ ò tíì le."
Mo tún lóṣòó. Ẹ̀rín pa mí,
ọmọ ọmọ Ìlúfóyè, lẹ́nu ọ̀nà irin.

Aago méjì òru kọjá. Orúkọ ti lé ní irinwó.
Mo rí èyí tó ń bọ̀: A, d, e, b,
NẸ́PÀ mú iná lọ.
Nígbà tí wọn yóò dá a padà, tìbínútìbínú ni;
irin àtijọ́ náà tàn lẹ́ẹ̀kan, ó rùn bí irun jíjó, ó parí.

Lónìí ọmọ mi ń fi àwòrán ránṣẹ́;
kó tó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó ti dé.
Wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ṣì wà nínú agolo Bọ́nfítà.
Èmi, ẹni tó kù yẹn ni mò ń wá.
Adébísí tó ń ta sìmẹ́ǹtì, Adébọ́lá onífọ́tò,
Adébóyè tí a jọ ń jókòó ní ìlà kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì:
bí mo bá kí wọn, mo máa ń wojú wọn pẹ́ díẹ̀.
Baba ọ̀kan nínú wọn jẹ wá lówó.
Mi ò mọ iye rẹ̀. Mi ò mọ aṣọ tó rà.
Orókún ò sì jẹ́ n lóṣòó mọ́;
mo ti ra àpótí ìjókòó.